Ogójì Ẹ̀wù Funfun àti Àdìrò Tó Ń Wúkọ́

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì, ogójì ẹ̀wù funfun padà sí ilé alágbàfọ̀ kan. Mọ́kàndínlógún nínú wọn ló ní àmì dúdú lára, òmíràn méjì, òmíràn mẹ́fà, kò sí èyí tó ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Ìwé pélébé kan wà lórí ẹrù náà. Nọ́ọ̀sì Àgbà ilé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló kọ ọ́, kò sì da oyin sí i. Kí wọ́n tún gbogbo ogójì fọ̀. Òun fúnra òun yóò wá yẹ̀ wọ́n wò ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Bí àmì kan ṣoṣo bá wà lára ẹ̀wù kan ṣoṣo, iṣẹ́ náà yóò kọjá sí ilé ìfọṣọ onímáṣíìnì tó wà ní ìkóríta, èyí tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ojú máṣíìnì rẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè dúró máa wo bí aṣọ ṣe ń yí.

Ìyá Funfun ni gbogbo àdúgbò ń pe alágbàfọ̀ yìí, nítorí pé aṣọ funfun nìkan ló ń fọ̀. Bí o bá gbé aṣọ pupa lọ bá a, yóò wò ọ́ bí ẹni tó fa ewúrẹ́ wọ kíláàsì, yóò ní, "Ọmọ mi, ta ló júwe ibí fún ẹ?" Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó ní ọwọ́ méjì tó lè yọ ẹ̀wù nínú omi híhó láìlo igi, ó sì ní ojú tó ń dá oríṣi funfun mẹ́rin mọ̀: funfun wàrà, funfun eyín, funfun ìwé, àti èyí tó ń pè ní funfun gan-an, tó ní bí a bá wò ó dáadáa, ó ń rẹ́rìn-ín. Ogójì ẹ̀wù ilé ìwòsàn yìí ni òpó tó gbé ilé rẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá yọ òpó náà, ohun tó kù kò tó ohun tí ènìyàn ń dìde láàárọ̀ tìtorí rẹ̀.

Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó bínú sí ọṣẹ. Ó bínú sí omi. Ó bínú sí ẹyẹ kan tó bà lé orí ògiri láìmọ̀ pé ẹjọ́ ti ń dúró dè é.

"Èéfín ni," ni ọkọ rẹ̀ wí láti orí àga rẹ̀. Ọkọ yìí ti wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Dírẹ́bà ni wọ́n ń pè é títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga ọ̀hún nìkan ló ń wà báyìí.

"Èéfín wo? Èéfín tó ti ń jáde níbí láti ọjọ́ aláyé ti dáyé?"

"Tẹ́lẹ̀, èéfín wa máa ń jáde lọ síbi tó ń lọ. Ní bí oṣù méjì yìí, kò lọ mọ́. Ó ń dúró kí gbogbo èèyàn."

Òótọ́ ni. Àdìrò náà wà ní igun àgbàlá. Agbá irin ni wọ́n gé ṣe é. Ó ní ilẹ̀kùn kékeré níwájú tí wọ́n ń ti igi bọ̀, ihò kan nísàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ojú pẹrẹsẹ lókè tí ìkòkò ńlá ń jókòó lé, àti páìpù gígùn kan lẹ́yìn tó ń gbé èéfín lọ sókè. Orí ìkòkò yẹn ni Ìyá Funfun ti ń se ẹ̀wù nínú omi ọṣẹ kó tó ṣan wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó tó sá wọn sórí okùn mẹ́rin tó gba òfuurufú àgbàlá kọjá.

Ìyá tó bí i ló kọ́ ọ ní iná dídá, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì fi kọ́ ọ: "Iná tó bá ń sáré, igi ló ń jẹ, iná tó bá ń rìn jẹ́ẹ́, omi ló ń sè." Nítorí náà Ìyá Funfun máa ń fi àkísà dí ihò afẹ́fẹ́, kí iná má baà sáré. Gbólóhùn náà dùn lẹ́nu. Irọ́ ni. Kò sí ẹni tó tíì wọ̀n ọ́n wò láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń pa ènìyàn ṣe ń wọlé: ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n ń gùn bí ẹṣin.

Ikọ́ Ìyá Funfun ti pé ọdún mọ́kànlá. Àdìrò a wúkọ́, Ìyá Funfun a dá a lóhùn, ikọ́ méjèèjì yìí sì ni Bàbá Dírẹ́bà fi ń jí láràárọ̀ bí àwọn mìíràn ṣe ń fi àkùkọ jí. Nínú gbogbo àwọn dókítà tó ń wọ ogójì ẹ̀wù náà, kò sí ẹnì kan tó bi í rí pé kí ló dé.

Ó tún ogójì ẹ̀wù fọ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ lọ́jọ́ kejì, ó kà wọ́n. Àmì ti wà lára mẹ́tàlélógún.

Ó so gèlè mọ́ ìbàdí, ó lọ bá ẹni tó ṣe àdìrò náà jà.

Ojú-Iná ni wọ́n ń pe wẹ́dà yìí, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún. Ó wà lábẹ́ páànù rẹ̀, ó ń jó irin pọ̀, gíláàsì dúdú bo gbogbo ojú rẹ̀.

"Ojú-Iná! Yọ nǹkan ojú ẹ kúrò kí n rí ẹni tí mo fẹ́ bá jà!"

"Ìyá mi, ẹ káàárọ̀ o. Kí ni mo ṣe?"

"Àdìrò tó o ṣe fún mi fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ń tutọ́ dúdú sára aṣọ."

"Èyí tí mo ṣe lọ́dún méjìlá sẹ́yìn? Àdìrò mi kì í tutọ́ o. Ẹni tó ń fún un lóúnjẹ ni ká bi."

"Èmi lò ń bú?"

"Mi ò bú yín, Ìyá mi. Oúnjẹ yín ni mo bú."

Ó bá a padà wálé, kì í ṣe nítorí pé ó ń bẹ̀rù rẹ̀ nìkan. Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ kí wọ́n máa fi iṣẹ́ òun ṣe àpẹẹrẹ ìyà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àdìrò, ó ti ìka méjì bọ ihò ìsàlẹ̀, ó sì fa àkísà jáde. Àkísà náà gùn. Ó ń fà á, ó ń bọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa ìfun adìyẹ.

"Kí lèyí?"

"Àkísà ni."

"Mo rí i pé àkísà ni. Kí ló ń ṣe nímú àdìrò mi?"

"Kí iná má baà sáré."

"Ó dáa. Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ dí imú yín." Ìyá Funfun dí imú. "Ẹ fìkejì bo ẹnu." Ó bo ẹnu. "Ẹ wá máa sáré yí àgbàlá yìí po ká wò ó."

"Má tíì jẹ́ kó ṣí i o," ni Bàbá Dírẹ́bà wí láti orí àga. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nínú ilé yìí."

Ìyá Funfun tú ọwọ́, ó mí gẹ̀ẹ̀, ó sì fún ọkọ rẹ̀ ní èébú kan tí a kò ní kọ síbí.

Ojú-Iná ti dé ìdí òkìtì igi. Ó mú igi méjì, ó fi ọ̀kan lu èkejì. Ó dún *pọ̀*, bí ẹni lu ìrọ̀rí. Ó fi igi méjèèjì sílẹ̀, ó mú èèkù òòlù rẹ̀ àti ẹsẹ̀ àga tó ti yọ sọnù lẹ́bàá ògiri, ó fi wọ́n lu ara wọn. *Kọ̀n.*

"Ẹ gbọ́? Igi gbígbẹ máa ń dáhùn. Igi tútù, ńṣe ló máa ń kùn. Omi wà nínú igi yín, Ìyá mi. Iná ní láti kọ́kọ́ se ìyẹn gbẹ kó tó ráyè omi inú ìkòkò. Ìkòkò méjì lẹ ń gbé kaná lójoojúmọ́, ọ̀kan ṣoṣo lẹ ń rí. Iná tí ò lágbára, tí ò tún rí afẹ́fẹ́, kí ló kù tó lè ṣe ju kó máa wúkọ́ lọ?"

"Igi mi ò tutù. Òjò ò tíì rọ̀ láti oṣù mẹ́ta!"

"Ẹ wá lọ bi onígi."

Onígi, obìnrin kan tí ahọ́n rẹ̀ mú ju àáké rẹ̀ lọ, fi ọwọ́ kan àyà. Ó ní igi òun gbẹ ju ojú ìyá ọkọ òun lọ. Ìyá Funfun kò gbà á gbọ́. Ó dúró síbẹ̀ ní Ọjọ́rú, ó fi igi ìdì mẹ́fà lu ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níṣojú gbogbo ayé. *Kọ̀n, kọ̀n, kọ̀n.* Àwọn tó ń kọjá rò pé ẹgbẹ́ akọrin kan ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo igi náà ló dáhùn. Ó kó wọn wálé, ó tò wọ́n síbi tó máa ń to igi sí, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó fi orin sùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, wákàtí kan lẹ́yìn tí ó tún ogójì ẹ̀wù fọ̀ tí ó sì sá wọn tán, ó mú igi méjì nínú igi tuntun náà, ó fi wọ́n lu ara wọn.

*Pọ̀.*

Ó mú méjì mìíràn. *Pọ̀.*

"Bàbá Dírẹ́bà! Ẹ wá gbọ́ o! Igi tó sùn gbígbẹ ti jí tútù!"

Ọkọ rẹ̀ wá, ó gbọ́, ó ronú jinlẹ̀. "Ṣé igi náà ti dàgbà ṣá? Bóyá ó ṣì ń tọ̀ sílé."

"Ẹ kúrò níwájú mi."

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Ìyá Funfun jókòó lórí òkìtì igi náà láti ronú, ó fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ro onígi, ó ro ọ̀tá, ó ro ìrì. Ìrì kì í rin igi tó báyìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro ti aládùúgbò ẹ̀yìn ilé, èyí tó bá a jà lórí okùn aṣọ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí ẹ̀kán omi kan bọ́ sí i lẹ́yìn ọrùn.

Ó nù ún kúrò. Ó padà sórí ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Ẹ̀kán kejì bọ́ sí i létí. Ẹ̀kẹta bà lé góńgó imú rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Ìyá Funfun gbójú sókè.

Ogójì ẹ̀wù ló wà lórí rẹ̀, lórí okùn mẹ́rin, tí ọgọ́rin apá wọn sì ń sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo apá náà ló ń kán, *tó, tó, tó,* bí ogójì dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ tán tí wọn kò rí aṣọ ìnuwọ́.

A gbọ́dọ̀ sọ bí igi ṣe débẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀tá ló kó o síbẹ̀. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, okùn kan já, ẹ̀wù mẹ́fà sì bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀ omi ọṣẹ. Ìyá Funfun, tí kì í jẹ́ kí òkúta kan náà gbún un lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ronú ọ̀nà àbáyọ: ó kó gbogbo igi ìdáná kúrò lẹ́bàá ògiri, ó tò ó sí abẹ́ okùn, ó tẹ́ àpò mímọ́ lé e. Bí ẹ̀wù bá tún bọ́, orí àpò ni yóò bọ́ sí. Ó sọ fún gbogbo àdúgbò. Wọ́n yìn ín. Alágbàfọ̀ nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yìí, alágbàfọ̀ tó mọṣẹ́ sì ni: ó ro ọ̀rọ̀ ẹ̀wù dé góńgó, kò sì ro ti igi rárá.

Ẹ̀rín náà kò kọ́kọ́ dà bí ẹ̀rín. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Lẹ́yìn náà ó bẹ́. Ìyá Funfun rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ̀ kúrò lórí igi, ó bọ́ sínú ọpọ́n omi búlúù tó fi ń mú kí aṣọ funfun tàn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì jókòó sínú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lọ, ìdí rẹ̀ ń di aláwọ̀ sánmà.

Bàbá Dírẹ́bà sáré jáde. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti sáré gbẹ̀yìn. "Ìyàwó mi! Ta ni mo máa pè? Kí ló dé?"

"Èmi ni! Èmi ni ọ̀tá! Mo fọ aṣọ, aṣọ kán sórí igi, igi rin, iná wúkọ́, èéfín ba aṣọ, mo tún aṣọ fọ̀, ó tún kán sórí igi..."

Ọkọ rẹ̀ wo ẹ̀wù, ó wo igi, ó wo páìpù, ó tún wo ẹ̀wù. Ó fi ìka ya òbíríkítí kan lójú òfuurufú.

"Ó yípo," ló wí.

"Ó yípo!"

"Ìyẹn ni pé èyí tí wọ́n fi gíláàsì ṣe lójú ní ìkóríta kí àwọn èèyàn lè máa wò ó, ọ̀fẹ́ ló ti ń yí nílé wa láti oṣù méjì."

Ó na ọwọ́ sí i, ó sì fà á jáde nínú ọpọ́n.

Ojú-Iná dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tó gbọ́, ó fi orí ti ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wá la igi kan sí méjì, ó fọwọ́ pa inú rẹ̀. "Ẹ ò ní pàdánù. Omi òkè lásán ni, kò tíì wọ egungun. Ẹ là á wẹ́wẹ́, kó má nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ. Ẹ fi bíríkì gbé e kúrò nílẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń kan ògiri, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ bo orí rẹ̀ nìkan, ẹ má bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó máa gbẹ kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta."

Bàbá Dírẹ́bà gba àáké. Kò la igi rí láyé rẹ̀. Ó gbé e sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, àáké há sínú igi, ó fà á títí, kò yọ.

"Ẹ fi sí rìfáàsì!" ni Ìyá Funfun ké láti ìdí okùn.

"Ọkọ̀ yìí ò ní rìfáàsì!"

Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ti la gbogbo ìdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dá iṣẹ́ igi lílà sílẹ̀. Ìyá Funfun ń lọ síbẹ̀ ní wákàtí wákàtí, ó ń fi igi lu igi, ó ń tẹ́tí. Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n dá a lóhùn. *Kọ̀n.* Ó kí wọn, "Ẹ kú ilé o." A kì í kí igi. Ṣùgbọ́n ohun tó bá dáni lóhùn, a ń kí i.

Wọ́n gbá páìpù lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ojú-Iná wà lókè pẹ̀lú okùn tó so wáyà àti àkísà mọ́, Bàbá Dírẹ́bà wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú korobá. Ohun tó jáde kún korobá kan àtààbọ̀, ó dúdú, ó sì ń dán bí bàtà ọmọ ogun. Nígbà tí Bàbá Dírẹ́bà dìde, eyín rẹ̀ nìkan ló kù tí a fi lè dá a mọ̀. Ó na apá sí ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ dúró níbẹ̀! Ẹ má jókòó! Ẹ má fara ti nǹkan kan! Ẹ má tiẹ̀ mí!"

Lẹ́yìn ìwẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n tó jẹ́ kó wọlé.

Wọ́n wá dáná. Ojú-Iná to igi ńlá mẹ́ta sísàlẹ̀, ó fi àyè ìka kan sáàárín wọn. Ó to wẹ́wẹ́ dábùú lé wọn. Ó kó ìṣẹ́pẹ́ gbígbẹ sókè pátápátá, orí ìṣẹ́pẹ́ yẹn ló sì ṣáná sí.

"Ó ti dojú iná bolẹ̀," ni Ìyá Funfun wí. "Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná láti ìgbà ìyá ìyá mi."

"Ìyá mi, ṣé ẹ ti tan àbẹ́là rí? Ṣé ìdí rẹ̀ lẹ ti ń tàn án ni, àbí orí?"

Ìyá Funfun tẹ̀ síwájú wo òkè igi náà.

"Iná á máa jẹ ẹ́ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí igi ìsàlẹ̀ bá ń gbóná, èéfín rẹ̀ ní láti gba àárín iná kọjá kó tó dé páìpù, iná á sì jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Oúnjẹ ni èéfín náà, Ìyá mi. Ẹ ti ń da oúnjẹ iná nù sórí aṣọ láti ọjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí imú rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bí gbogbo ẹ̀ bá ti ń jó dáadáa, ẹ lè dín in kù sí ìdajì. Ẹ má dí i pa láé. Bó bá fẹ́ igi sí i, ẹ fi ẹyọ kan, ẹyọ méjì, ẹ má kì í mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹnu páìpù ni kẹ́ ẹ máa wò. Bí ẹ bá rí nǹkan kan níbẹ̀, àṣìṣe kan ti wà nísàlẹ̀."

Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, èéfín funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde. Lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan mọ́. Ẹnu páìpù kàn ń mú kí ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, bí omi inú àwo. Ìyá Funfun jáde sí òpópónà lọ wo páìpù. Ó wọlé wá wo iná: ọwọ́ iná pọ́n, ó mọ́, ó ń kùn bí ológbò tó yó. Ó tún jáde. Ó tún wọlé. Ó ṣe é nígbà méje. Ní ẹ̀ẹ̀keje ó di ẹ̀gbẹ́ Ojú-Iná mú, ó fi í jó yípo ìkòkò, wẹ́dà náà ń ké pé kí ó jẹ́ kí òun bọ́ bàtà ná.

Omi híhó tó ń gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ gba ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì. Ìdì igi márùn-ún tó ń jó lójúmọ́ di méjì àtààbọ̀. Nítorí náà, iná tó ń sáré kọ́ ló ń jẹ igi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni gbólóhùn dídùn yẹn fi jẹ ìdajì igi rẹ̀, kò sì nu ẹnu.

Ó fọ gbogbo ogójì ní ọjọ́ Àìkú.

Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá Dírẹ́bà jí nígbà tí oòrùn ti wọ yàrá. Ó tẹ́tí. Kò gbọ́ ikọ́. Ó fò dìde, ó sáré jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Mi ò gbọ́ ikọ́! Mo rò pé o ti kú!"

"Mo wà níbí láti aago mẹ́fà." Ó wúkọ́ díẹ̀, nítorí ọdún mọ́kànlá kì í tán lọ́jọ́ méjì. "Ẹ gbọ́ ìyẹn?"

"Ọ̀kan ni. Èkejì dà?"

Ó fi orí tọ́ka sí àdìrò. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun ń hó lórí rẹ̀. Àdìrò kò sọ nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì Àgbà dé ní aago mẹ́sàn-án, obìnrin gíga tó wọ gíláàsì ojú, tó ń rìn bí ẹni tí aago ń tẹ̀lé. Kò tíì dáhùn ẹ kú àárọ̀ tó fi gbójú sókè wo páìpù. Ó wò ó pẹ́.

"Màmá," ló wí, "ẹ ò dáná lónìí."

"Mo dáná."

"Èéfín dà? Láti wọ́ọ̀dù wa la ti máa ń rí èéfín yín. Ẹ ti gbé ẹ̀wù mi lọ fún onímáṣíìnì kó bá yín fọ̀ ọ́, àbí? Ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ ẹlòmíì gba iṣẹ́ padà."

Bàbá Dírẹ́bà ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá Funfun gbé ọwọ́ lé e lẹ́nu. Ó lọ sí ìdí àdìrò, ó sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbayawu. Iná tàn yòò. Ooru rẹ̀ lu Nọ́ọ̀sì Àgbà láyà, ó sì fi ẹ̀yìn rìn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta.

"Ẹ sún mọ́ ọn, Nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ní mi ò dáná, kó wá fọwọ́ kàn án."

Nọ́ọ̀sì Àgbà kò fọwọ́ kàn án. Ó yíjú sí ẹ̀wù. Ó wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọrùn, ẹnu apá, àpò, etí ìsàlẹ̀. Mẹ́wàá. Ogún. Ọgbọ̀n. Ojú-Iná, tó sọ pé òun kàn ń kọjá lọ ni, ti jẹ èékánná rẹ̀ tán. Nígbà tó dé orí ẹ̀kẹtàdínlógójì, Nọ́ọ̀sì Àgbà dúró. Ó tẹ̀ síwájú.

"Àmì kan," ló wí.

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́bàá àpò àyà: dúdú, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ìyá Funfun ti na ọwọ́ sí ọṣẹ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà na ìka sí àmì náà. Àmì náà wo ìka. Ó na ìyẹ́, ó fò lọ.

Kantíkantí ni.

Bàbá Dírẹ́bà ló kọ́kọ́ bẹ́ sẹ́rìn-ín, Ojú-Iná tẹ̀ lé e, Nọ́ọ̀sì Àgbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n gíláàsì ojú rẹ̀ ti ń mì. Ó wo mẹ́ta tó kù. Wọ́n mọ́. Ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn iṣẹ́: ọdún kan gbáko.

"Ẹ má bínú sí ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan," ló wí.

"Ó ti tán." Ìyá Funfun dì mọ́ ìwé náà, ó ń fò sókè díẹ̀díẹ̀ lórí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ bí ọmọ ọdún méje. Ibi tó ti ń fò yìí ló ti rí nǹkan kan rékọjá orí ògiri, nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: èéfín dúdú kan, ó nípọn, ó ń yọ láti ilé ìdáná ilé ìwòsàn, ó sì ń fara nù wíńdò wọ́ọ̀dù àwọn aláìsàn.

Ó dúró jẹ́ẹ́.

"Nọ́ọ̀sì," ló rọra wí, pẹ̀lú ohùn tó fi ń bi aláṣọ pupa léèrè, "níbo ni ẹ̀yin ń kó igi yín sí?"

"Igi ilé ìdáná? Abẹ́ táǹkì omi ni. Ibẹ̀ ló ṣófo."

"Ṣé táǹkì náà ń jò?"

Nọ́ọ̀sì Àgbà wo páìpù tí kò rú èéfín mọ́. Ó wo èéfín tirẹ̀.

"Díẹ̀díẹ̀," ló wí.

Ìwọ tó ń ka èyí, tó ń rẹ́rìn-ín, pa ìwé náà dé. Jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé rẹ. Wo ohun tó wà lókè igi rẹ, wo ohun tó o fi dí imú iná rẹ. Mú igi méjì, fi ọ̀kan lu èkejì. Bó bá kùn, má wá àwáwí: kó o kúrò níbẹ̀, lónìí, kí ẹni tó ń wúkọ́ nínú ilé rẹ tó tún dáná mìíràn.